Ta Ló Fẹ́ Bo Ojú Lójoojúmọ́? Èrò Mi Lórí Awò VR, láti Kubwa

Ọdọọdún ni wọ́n máa ń sọ fún wa pé awò VR fẹ́ gba ìgboro. Wọ́n sọ ọ́ ní 2016, nígbà tí Oculus Rift, HTC Vive àti PlayStation VR jáde léra wọn nínú ọdún kan náà. Wọ́n tún un sọ ní 2021 tí Facebook sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ di Meta. Nígbà tí Apple gbé Vision Pro jáde ní Oṣù Kejì 2024, àwọn ọmọ tó ń ta fóònù ní Banex, ní Wuse 2 ní Àbújá níbí, ń pariwo pé ó ti dé wàyí. Mo gba Banex kọjá láìpẹ́ yìí, mo sì fojú wá a. Mo rí Tecno, Infinix, Samsung, iPhone tòkúnbọ̀ lóríṣiríṣi, ṣájà, pawabánkì, gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú fóònù. Awò VR kan ṣoṣo tí mo rí wà nínú páálí lókè ṣẹ́ẹ̀fù, eruku ọyẹ́ ti kún orí rẹ̀. Ọmọ tó ni sọ́ọ̀bù ní gbèsè lòun fi gbà. "Ẹni tó jẹ mí lówó ló gbé e fún mi, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rà á."

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: awò ńlá kan ni, wọ́n ń fi okùn dè é mọ́ orí, ó bo ojú méjèèjì pátápátá, ó ń fi àwòrán tirẹ̀ han ojú kọ̀ọ̀kan. Bí o bá yí orí sí ọ̀tún, ayé inú rẹ̀ náà á yí. O lè wà ní yàrá rẹ ní Kubwa kí o máa wò ó bíi pé orí òkè ni o dúró sí. N kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ o, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Àmọ́ bí wọ́n bá bi mí bóyá ohun yìí máa di ohun tí gbogbo wa á máa lò lójoojúmọ́ bí a ṣe ń lo fóònù, màá ní rárá, ìdí tí màá sì fi sọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ. Wọ́n máa ń ní owó ni. Wọ́n máa ń ní iná ni. Lójú tèmi, bíbo ojú yẹn gan-an ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó kọjá. Nígbà tí Meta gbé awò Quest 3S jáde ní Oṣù Kẹwàá 2024, 299 dọ́là ni wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún. Bí dọ́là kan bá ń lọ ní 1,500 náírà, nǹkan bíi 448,500 náírà nìyẹn, ká má tíì sọ owó tó gùn ún kó tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù, 70,000 náírà, á ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ó lé láìjẹ láìmu. Owó ńlá ni, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlú tí a wà yìí náà ni àwọn èèyàn ti ń ra iPhone tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí GSM dé ní 2001, káàdì SIM lásán ń lọ ní ogún ẹgbẹ̀rún náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ò rí gbà lóṣù nígbà náà, síbẹ̀ èèyàn tò lórí ìlà. Kò sẹ́ni tó ń parọwà fún wọn. Ìyá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ wà ní Nyanya, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá rí ìlò nǹkan á wá owó rẹ̀. Ní ti awò VR, ìlò yẹn gan-an ni a ò tíì rí.

Iná náà kọ́. Èyí yà mí lẹ́nu. Bátìrì Quest 2 jẹ́ 3,640 mAh, bẹ́ẹ̀ 5,000 mAh ló wà nínú ọ̀pọ̀ Tecno tí àwọn ọlọ́kadà ń gbé kiri. Pawabánkì lè gbà á. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ló máa lò kó tó kú, ìyẹn sì tó fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí NEPA ti ń mú un ni ibi tí èèyàn ò fọkàn sí: kámẹ́rà tó wà lára awò náà ló fi ń mọ ibi tí o dúró sí àti ibi tí ọwọ́ rẹ wà, kámẹ́rà ò sì ríran nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá múná lọ lálẹ́, bátìrì rẹ kún, àwòrán ṣì ń tàn, àmọ́ ẹ̀rọ náà á máa kígbe pé òun ò rí ilẹ̀ mọ́. Oòrùn náà burú fún un. Gíláàsì inú rẹ̀ máa ń kó oòrùn jọ sójú kan, bí o bá gbé e síwájú fèrèsé, oòrùn oṣù kẹta Àbújá á jó sikirínì rẹ̀ lójú ẹ̀, kò sì sí àtúnṣe. Ti dátà, kò ní ààyè SIM, hótísípọ́ọ̀tì fóònù lo máa fi sí i. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn ní Oṣù Kìíní 2025, gbogbo wa mọ bó ṣe rí.

Kò sì jọ pé ọgbọ́n tàbí owó ìwádìí ló wọ́n wọn. Ivan Sutherland, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ṣe ọ̀kan ní 1968, ó wúwo débi pé láti òkè àjà ni wọ́n ti fi irin gbé e rọ̀. Nintendo ta Virtual Boy ní 1995, àwọ̀ pupa nìkan ló ń fi hàn, ọdún kan ò pé tí wọ́n fi kó o kúrò lọ́jà. Palmer Luckey gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 dọ́là lọ́wọ́ ará ìlú lórí ìkànnì Kickstarter ní 2012 láti fi ṣe Oculus. Ọdún méjì lẹ́yìn náà Facebook san nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là rà á. Ẹ̀ka Meta tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pàdánù ohun tó lé ní bílíọ̀nù 17 dọ́là ní 2024 nìkan. Bí owó bá lè fipá mú nǹkan wọ ilé èèyàn, à bá ti máa dé e lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Ara èèyàn ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ohun kan wà nínú ihò etí wa lọ́hùn-ún tó ń sọ fún ọpọlọ bóyá a dúró ni tàbí a ń lọ. Bí o bá gbé awò náà wọ̀, tí o wá ń sáré nínú eré, ojú rẹ á ní o ń sáré, etí rẹ á ní o jókòó sórí àga. Ọpọlọ ò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ẹni tó bá ti tẹ fóònù nínú bọ́ọ̀sì láti Lọ́kọ́jà dé Gwagwalada mọ̀ ọ́n dáadáa, àfi pé ti bọ́ọ̀sì dorí kodò: etí ní à ń lọ, ojú ní a dúró. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ti làágùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń lépa pé láti ìgbà tí o bá mi orí sí ìgbà tí àwòrán bá yí, kó má ju nǹkan bí 20 mílísẹ́kọ́ńdì lọ, àwòrán sì ń pààrọ̀ nígbà 72, 90, kódà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti dín kù púpọ̀, kò tíì tán. Ti ojú náà wà níbẹ̀. Gíláàsì ti fi àwòrán sí ọ̀nà jíjìn kan tí kì í yí padà, bẹ́ẹ̀ àwòrán ń sọ pé ẹja yìí wà lẹ́bàá imú rẹ, òkè yẹn wà lókèèrè. Ojú méjèèjì á fẹ́ pàdé lórí ẹja, ẹyinjú ò sì lè bá wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń ro àwọn ẹlòmíì, tí orí á tún máa fọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìpàdé ọmọ ìlú wa ni mo rí ohun tó ju gbogbo ìyẹn lọ.

Ọjọ́ Àìkú là ń ṣe é, ní pálọ̀ Bàbá Alága níbí ní Kubwa. Ọmọ Akọ̀wé wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbé Quest rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, ó ní kí àwọn àgbà náà wò ó. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ nawọ́. Ọmọ náà gbé okùn rẹ̀ sókè, ó wo gèlè, gèlè náà wò ó. Okùn kan gbọ́dọ̀ gba àárín orí kọjá, òmíràn á yí ìpàkọ́ ká. Aṣọ òkè ni Ìyá Ìbejì wé, ó sì ṣe é lábẹ̀bẹ̀. "Kí n wá tú gèlè tí mo fi àárọ̀ wé nítorí sinimá? Gbé e lọ ọ̀dọ̀ ẹlòmíì." Ìyàwó Ajísàfé tó wọ híjáàbù gbà kí wọ́n dè é, àmọ́ okùn ń yọ̀ lórí aṣọ, gbogbo ìgbà tó bá tẹ orí ba ló ń já bọ́ sí imú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun pẹ̀lú atáṣímẹ́ǹtì, tó kó o jọ sókè orí, ò tilẹ̀ gbìyànjú. Mo bojú wo àwọn tó wà nínú pálọ̀ yẹn, mo rí i pé ẹni tó ṣe ohun yìí ò ronú kan orí ìdajì wa.

Nígbà tó fi máa kan Bàbá Alága, fóòmù tó ń kan ojú ti kún fún páńkéèkì àti òógùn ẹni méjì. Ọmọ Akọ̀wé fi áńkáṣíìfù nù ún, Bàbá ò sọ nǹkan kan. (Fóòmù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Ní 2021, Facebook ní láti gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin rẹ̀ padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé ó ń mú ojú àwọn èèyàn yún.) Bàbá ṣí fìlà abetí-ajá rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó wọ awò náà. Inú òkun ni wọ́n gbé e lọ. "Haa! Ẹ wo ẹja! Ó ń bọ̀ wá bá mi o!" Ó dìde, ó ń na ọwọ́ méjèèjì sí ògiri, agbádá ń já bọ́ léjìká, gbogbo pálọ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Àárín ìyẹn ni tọkọtaya kan wọlé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àbújá láti Ìlọrin, wọ́n wá fara han ìpàdé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìyàwó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ẹ kú ìpàdé." Bàbá ń mú ẹja. "Ẹ kú ìjókòó, sà." Omi òkun ń hó létí Bàbá. Ọmọkùnrin náà ò lè dìde torí wọn ò tíì dá a lóhùn, ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbójú sókè díẹ̀, ó rí ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó ń gbá afẹ́fẹ́ mú. Ẹ̀rín tán nílé. Akọ̀wé ló fọwọ́ kan Bàbá lápá, Bàbá ta gìrì, ó kù díẹ̀ kó gbá kúlà ìrẹsì dànù. "Ta nìyẹn? Ta ló fọwọ́ kàn mí?"

Ó bọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì kí àwọn àlejò náà pẹ́ títí. Ó béèrè bàbá ọkọ, ó béèrè ìyá, ó béèrè agboolé. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí ọmọ Akọ̀wé: "Ó dáa o, ó dáa gan-an. Àmọ́ bí mo bá ń wọ èyí nílé, wọ́n á ròyìn dé ilé pé Alága ò jẹ́ kíkí mọ́."

Ibẹ̀ ni èrò mi dúró sí títí di òní. Fóònù ń gba ojú wa, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ fóònù lè gbójú sókè, ó lè ní "ẹ káàbọ̀", ó lè fi ìpéǹpéjú sọ fún ọmọ pé kó lọ gbé omi wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi kámẹ́rà aláwọ̀ sí ara Quest 3 kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè rí yàrá tó wà. Ó rí ọ, ìwọ ò rí i. Apple gbìyànjú jù bẹ́ẹ̀: ó fi sikirínì kan sí iwájú Vision Pro lóde, tó ń ya àwòrán ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ lè rò pé àwọn ń rí i. EyeSight ni wọ́n pè é. Bátìrì rẹ̀ ń fi wáyà rọ̀ sápò, orí sì ń gbé ohun tó lé ní 600 gíráàmù. Ní 3,499 dọ́là, àwòrán ojú ni wọ́n fún wa, nígbà tí ojú gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi kan ò gbà fún mi. Ó ń dá gbé ní Lugbe, yàrá kan àti ilé ìdáná, ilé-iṣẹ́ òkè òkun ló ń bá ṣiṣẹ́ láti ilé. Ó ní ta ló fẹ́ kí òun? Ó ní òun lè ṣí sikirínì ńlá mẹ́ta sójú afẹ́fẹ́ láìra mọ́nítọ̀ kankan. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun sì ni ẹni tí mo rí tí awò yìí bá lára mu jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Àbújá ló ń dá gbé bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo bi í léèrè bóyá ó ti fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ rí, ó rẹ́rìn-ín. Nínú ooru oṣù kẹta, pẹ̀lú fóòmù lójú àti fáànù tó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òógùn á bo gíláàsì, àfi kí o bọ́ ọ nù. Lọ́jọ́ ọyẹ́, eruku. Laptop ló pàpà padà sí.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí bíbo ojú yìí ti ṣe àǹfààní ńlá, apá àríwá tí a wà yìí ló sì ti wá. Joel Kachi Benson, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe fíìmù, gbé kámẹ́rà VR lọ sí Chibok ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí wọ́n ti jí ọmọbìnrin 276 gbé lóru 14 Oṣù Kẹrin 2014. Fíìmù tó ṣe, Daughters of Chibok, gba ẹ̀bùn ìtàn VR tó dára jù ní àjọ̀dún fíìmù Venice ní 2019. Àwa tí a wà ní Àbújá nígbà náà rántí àwọn tó ń péjọ sí Unity Fountain lójoojúmọ́ tí wọ́n ń ké pé ẹ dá àwọn ọmọ wa padà. A ń wa ọkọ̀ kọjá lára wọn. A ń ka ìròyìn rẹ̀ lórí fóònù, a ń fìka tì í sókè, ìròyìn bọ́ọ̀lù á tẹ̀ lé e. Nínú awò, kò sí ohun tí o lè fìka tì. Ìyá tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ jókòó síwájú rẹ, bí o bá gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ilé rẹ̀ ni wàá máa wò. Fíìmù náà kì í gùn. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Irú ìlò yẹn ni mo rí tó lè dúró: ohun kúkúrú, tó ní ìdí, tí ẹni tó ṣe é mọ̀ pé òun ń kúrò láàárín èèyàn fún ìgbà díẹ̀. Walmart ní Amẹ́ríkà kéde ní 2018 pé àwọn máa pín nǹkan bí 17,000 awò VR sí àwọn ilé ìtajà wọn láti fi kọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú wíwà, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Zaria láti 1964, ti mọ̀ tipẹ́ pé ó sàn kí èèyàn kọ́kọ́ já bọ́ nínú ẹ̀rọ àfarawé. Èmi á fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń gun òpó iná kọ́kọ́ gùn ún nínú awò, níbi tí wáyà tí wọ́n bá ṣì mú ò ti ní pa ẹnikẹ́ni. Judith Okonkwo ti dá Imisi 3D sílẹ̀ ní Èkó láti 2016, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe nǹkan VR nílé yìí sì ni wọ́n ń gbé lárugẹ. Àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mo fọkàn tán ju àwọn tó ń sọ pé gbogbo wa máa ṣe ìpàdé nínú ayé àwòrán.

Ohun tó máa wọ ojú gbogbo ayé, bí mo ṣe ń wò ó, jígí ojú lásán ni, irú èyí tí Ray-Ban bá Meta ṣe. Kò ju nǹkan bí 50 gíráàmù lọ, gèlè ò dí i lọ́wọ́, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ sì hàn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 pé àwọn ti tà ju mílíọ̀nù méjì lọ láti Oṣù Kẹwàá 2023. Kò tíì gbé ọ lọ sínú òkun, ó kàn ń ya fọ́tò, ó ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí. Wàhálà tirẹ̀ ni kámẹ́rà. Iná kékeré kan máa ń tàn bó bá ń ya èèyàn, àmọ́ ta ló mọ ìyẹn ní ọjà Wuse? Ní ìlú tí sójà ti lè gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò níwájú ilé ìjọba, màá rọra wọ tèmi.

Ọmọ Akọ̀wé wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Ó fẹ́ ra méjì sí i, ó fẹ́ mọ ohun tí mo rò. Mo ní bó bá jẹ́ fún ilé, kó fowó rẹ̀ pamọ́. Bó bá jẹ́ fún òwò, kó rántí bí bọ́ọ̀lù òyìnbó ṣe gba orílẹ̀-èdè yìí: ọ̀pọ̀ tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ Arsenal ò ra dikódà rí láyé wọn, orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòran ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n san owó díẹ̀, wọ́n pariwo, wọ́n lọ sílé. Kó gbé awò rẹ̀ síbi tí èèyàn á ti san owó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí àwọn ọ̀rẹ́ á dúró yí i ká máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kó ra fóòmù tó ṣeé fọ̀, kó sì wá okùn tó lè gba orí tí wọ́n di irun sí. Ó ní òun ti rí sọ́ọ̀bù kan ní Dutse Alhaji, ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà kọjá, àmọ́ lánlọ́ọ̀dù ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. A ṣì ń bẹ̀ ẹ́ kó gba ti ọdún kan.